Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Dáyámọ́ńdì Gbọ́ Ọkàn Ọmọ Inú

Òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé alájà kan ni, ní ẹ̀yìn Yaba, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìwáyà, tí atẹ́gùn ọ̀sà ti máa ń gbé èéfín ẹja yíyan àti òórùn gọ́tà wọlé láàárọ̀. Tí o bá wá gun àtẹ̀gùn dé yàrá iṣẹ́ wa, òórùn méjì mìíràn á pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà: èéfín jẹnẹrétọ̀, àti lọ́fíńdà ọ̀gá wa. Lọ́fíńdà yẹn! Olówó ńlá ni, ó sì máa ń dà á sára bí ẹni tó ń bu omi wẹ̀. Títí dòní, tí ẹni tó fín irú rẹ̀ bá wá jókòó tì mí ní báǹkì, màá dìde lọ síbòmíràn. O lè máa rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Dúró ná, kí n sọ fún ọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì nígbà tí wọ́n gbà mí síbẹ̀, inú mi sì dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Iṣẹ́ náà rẹwà, n ò ní í parọ́ mọ́ iṣẹ́ torí pé mo kórìíra ìwà ẹnì kan. Dáyámọ́ńdì kékeré kan ni, kò tó hóró ìrẹsì, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òrùka. Èyí tí kò lábàwọ́n ni àwọn olówó ń wá kiri. Tiwa, àbàwọ́n rẹ̀ gan-an là ń wá. Nínú òkúta náà, àwọn ibì kan wà tí ègé kíún ti yọ kúrò, tí àlàfo sì ṣẹ́kù síbẹ̀, bí èjí ṣe ń wà láàárín eyín iwájú. Bí a ṣe ń fi èjí ṣẹwà ni a ṣe ń fi àlàfo yẹn ṣiṣẹ́. A ó tan iná léésà aláwọ̀ ewé sí i, òun á sì mú ìmọ́lẹ̀ pupa jáde. A ó tún rán ìgbì kan sí i, irú èyí tó ń gbé ohùn rédíò kiri. Tí ìgbì náà bá ti dé ìwọ̀n kan pàtó, pupa yẹn á rẹlẹ̀ díẹ̀, bí iná tí wọ́n fẹ́ mú lọ. Tí òòfà bá wá sún mọ́ tòsí, bó ti wù kó kéré mọ, ìwọ̀n tí pupa náà ti ń rẹlẹ̀ á yẹ̀. Bó bá ṣe yẹ̀ sí la fi ń mọ bí òòfà náà ṣe lágbára tó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn lá àlá.

Tí wọ́n bá ṣí géètì onírin ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ wa á mọ̀. Tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá kọjá lójú títì, á mọ̀. Ọkàn èèyàn náà ní òòfà tirẹ̀, torí iná díẹ̀díẹ̀ kan máa ń rìn nínú rẹ̀ nígbàkigbà tó bá lù, àwọn kan lókè òkun sì ti ń gbìyànjú láti fi irú òkúta wa wá a, nínú yàrá tí wọ́n ṣe ògiri rẹ̀ lọ́tọ̀ kí òòfà ìta má baà wọlé. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ inú, ní yàrá tiwa, tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lábẹ́ fèrèsé? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó dúró ní Costain lọ́sàn-án gangan, tó ní òun ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèrà. Gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la mọ̀. Ọ̀gá mọ̀ jù wá lọ, òun ló kọ́ wa.

Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, torí ìwé tó kà lókè òkun. Àwọn ará àdúgbò náà ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ti abẹ́rẹ́ àti oògùn ni, wọn a sì máa ro ẹjọ́ ẹ̀yìn ríro àti ìgbóná fún un lẹ́nu géètì. Kò sọ fún wọn rí pé òun kọ́. Á mi orí bí àgbà, á ní, "Ẹ máa mu omi dáadáa." Wọ́n á dúpẹ́, àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ wa á máa rẹ́rìn-ín nínú ilé. Èmi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìsàlẹ̀ ilé náà ni aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló bá wa rán aṣọ dúdú tí a fi ya ibi tí léésà wà sọ́tọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Ládìpọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti dúró tì í, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọmọ nílé náà. Oyún méjì ti bàjẹ́ kí ti ìsinsìnyí tó dúró. Gbogbo ilé ló mọ̀, gbogbo ilé ló ń bá a ṣọ́ ọ. Tó bá fẹ́ gbé kòròbá omi, ó kéré tán, èèyàn méjì á pariwo. Àǹtí Dáyámọ́ńdì ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Àǹtí Télọ̀. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò kan ń bọ̀, àwọn tó fẹ́ ran ilé iṣẹ́ wa lọ́wọ́. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, Ọ̀gá ti ṣèlérí fún wọn pé wọ́n á fojú ara wọn rí bí òkúta wa ṣe ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú. Aláboyún tí Ọ̀gá ti bá ṣàdéhùn láti wá kò yọjú. Ọ̀gá ti ń lọ, ó ti ń bọ̀ lágbàlá bí ajá tí eegun bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí Àǹtí Télọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó gbé báàgì há abíyá. Mo wà lójú fèrèsé lókè. Ohùn ọkùnrin yẹn kì í sì í wà nílẹ̀, nítorí náà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ báyìí?"

"Ọsibítù ni, sà. Ọmọ yìí ò mira láti àná. Mo mu omi tútù, mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò yí rárá."

"Kí lo wá fẹ́ lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì wọn títí di ìrọ̀lẹ́ fún? Gòkè wá. Ẹ̀rọ wa á gbọ́ ọkàn ọmọ rẹ lójú ẹsẹ̀."

Ṣó o gbọ́? Obìnrin tó ti gbé báàgì, tó ti dojú kọ ọ̀nà! Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ẹ̀rọ yìí ò lè..." Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ọwọ́ tó rin gbindin, ó ní kí n lọ dúró ti léésà mi. Àǹtí Télọ̀ wò mí, ó wò ó. Ta ló máa gbọ́ ti Àǹtí Dáyámọ́ńdì níbi tí Dókítà fúnra rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀? Ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ọkùnrin ló bá a múra. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba yẹtí, wọ́n gba aago, torí irin ò gbọdọ̀ sún mọ́ òkúta náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wo ló máa bi ìyàwó oníyàwó nípa ohun tó wà lábẹ́ ìró rẹ̀? Ojú ń tì wọ́n, ojú ń ti òun náà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n fi í jókòó sórí àga onígi, wọ́n fa apá ẹ̀rọ tí òkúta wà lórí rẹ̀ sún mọ́ ikùn rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó kàn án. Àwọn àlejò tò yí i ká, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sì ń ya fídíò láti òkèèrè. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ dúdú lọ́dọ̀ léésà, kọ̀ǹpútà kan náà tí wọ́n ń wò lèmi náà ń wò láti ẹ̀gbẹ́.

Bí ìlà ojú kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nìyẹn. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò pariwo, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ọkàn ọmọ nìyẹn." Àǹtí Télọ̀ bú sẹ́kún. Ó ń fi etí gèlè nu ojú, ó ń ní, "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run ó fún yín lẹ́mìí gígùn, sà." Ọ̀gá sì ń gba àdúrà náà, ó ń ṣe àmín, láìsí ìtìjú lójú rẹ̀.

Ìlà yẹn ti tóbi jù. Ọkàn àgbàlagbà pàápàá ò lè fa irú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ wa, ká má tíì wá sọ ti ọmọ inú. Ó tún lọ́ra jù. Eré ni ọkàn ọmọ inú máa ń sá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìyá rẹ̀. Eléyìí ń rìn bí àgbà tó jẹun yó. Mo wá rí i pé bí Àǹtí Télọ̀ ṣe ń sunkún, ìlà náà ń já sókè sódò. Bí ẹkún rẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀, ìlà náà ń rọlẹ̀. Mo yọ orí jáde lẹ́yìn aṣọ. Mo ní, "Àǹtí Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sé èémí díẹ̀." Ó sé e. Ìlà náà sì tẹ́ gbalaja bí okùn ìsáṣọ. Mo ní kó máa mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Àlejò kan bojú wẹ̀yìn, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ariwo ẹ̀rọ ni. Ọmọbìnrin yìí ṣì ń kọ́ṣẹ́." Ló bá ń da wọ́n síwájú, ó ní ohun mímu tútù wà ní ọ́fíìsì òun. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Àǹtí Télọ̀ pè é. Ó ní, "Dókítà, ṣé kí n ṣì dé ọsibítù?"

"Rárá o. Ọmọ rẹ ń bẹ dáadáa. Lọ jókòó jẹ́ẹ́."

Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn tó fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi, itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo ti rí olè rí, mo ti rí oníjìbìtì, a kúkú jọ ń gbé Èkó ni. Àwọn yẹn, owó rẹ ni wọ́n ń wò. Ọkùnrin yìí wo obìnrin tí oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ó wo ikùn tí ọmọ ò ti mira láti àná, ohun tó rí níbẹ̀ ni ìlà tí yóò fi han àlejò. Tùẹ̀!

Mo fa aṣọ dúdú náà yí èmi àti Àǹtí Télọ̀ ká. Mo bi í léèrè bóyá irin kankan wà lára rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Ó wá wo ilẹ̀, ó tú ìró rẹ̀ díẹ̀, mo sì rí i: píìnì ńlá kan, tó há mọ́ tòbí lókè ìdodo. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, aláboyún wo nílé wa ni wọn ò fi píìnì há aṣọ rẹ̀ kó tó jáde lọ́sàn-án?

"Ìyá ọkọ mi ló fi há a síbẹ̀. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ yọ ọ́ níta."

N ò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà títí dòní. Ohun tó mọ̀ ló fi dáàbò bo ọmọ. Àǹtí Télọ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú. Mo ní ká yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, òun náà á rí nǹkan. Ó ṣiyèméjì, ó yọ ọ́, ó dì í mú ṣinṣin, ó sì na ọwọ́ náà jìnnà sẹ́yìn. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà tẹ́. Ó mí sínú, ó mí síta, ìlà ò gbéra. Ojú rẹ̀ wá kú tán. Ó dì mọ́ ikùn rẹ̀, ó ní, "Ó ti kú nìyẹn?"

"Rárá! Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀rọ yìí ò lè gbọ́ ọmọ yín rárá. Bó wà láàyè, kò lè mọ̀. Bí kò sí, kò lè mọ̀. Píìnì ló ń gòkè pẹ̀lú èémí yín. Ẹ dìde, ká lọ síbi tí wọ́n ti lè mọ̀."

Ó ti há píìnì rẹ̀ padà kí n tó mú báàgì. Ọ̀gá gbọ́ ẹsẹ̀ wa lórí àtẹ̀gùn, ó jáde sí wa pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ báyìí, ó ní, "Má ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́. Tó o bá jáde ní géètì yẹn, má padà wá." Mo ní ó dáa, sà. Mo di Àǹtí Télọ̀ lápá, a wọ kẹ̀kẹ́.

 Nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, ó kàn ń fi ìka méjì lu ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kékeré lé e níkùn, ó ń wá a kiri, ó ń wá a kiri, kó tó gbọ́ nǹkan. Ọkàn ọmọ ń lù, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ tuurutu, ó ń falẹ̀ bí ẹni tí agara ti dá. Dókítà obìnrin kan wá, ó gbọ́ ọ, ó pa ojú dà, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí a ò tètè wá. Mo ní wọ́n dá wa dúró lọ́nà. Kí ni ǹ bá sọ?

Ọkọ rẹ̀ dé láti Ládìpọ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ méjèèjì, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ náà sí. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ò lè jókòó. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì jáde, ó ní obìnrin ni, ó kéré, kò tíì sunkún, wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ "kò tíì" yẹn ni àwa méjèèjì dì mú. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohùn kan láti inú lọ́hùn-ún, ohùn tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò. Ọkọ rẹ̀ gbé iwájú orí lé ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún. Àǹtí Télọ̀ yè, ọmọ yè.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, àbí? Kò parí o. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Mo ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́. Yàrá wa ni, Àǹtí Télọ̀ lórí àga, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀, àti ohùn Ọ̀gá: "Ọkàn ọmọ nìyẹn." Wọ́n ti gé e kó tó dé ibi tí mo ti ní kó sé èémí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ wọn ló tètè rí i pé nǹkan ń ṣe ọmọ náà, tí wọ́n fi sáré gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Àwọn èèyàn ń ṣàdúrà fún un lábẹ́ ibẹ̀. Mo gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀, n ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ẹnu tó ní "lọ jókòó jẹ́ẹ́" ló wá ń gba ọpẹ́ pé òun ló ní kó lọ.

Nígbà tí wọ́n sì máa sọ ọmọ lórúkọ nílé wọn ní Mushin, ọkùnrin yìí wá! Kò sẹ́ni tó pè é. Lọ́fíńdà rẹ̀ wọlé ṣáájú rẹ̀. Ìyá ọkọ, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, bọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun. Ẹ̀rọ yín ló yọ ọmọ wa." Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Iṣẹ́ Olúwa ni, Mọ́mì." Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí mi, ẹ̀rín yẹn ò sì kúrò lójú rẹ̀. Mo dìde, mo fẹ́ jáde síta.

Àǹtí Télọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ọmọ wà ní àyà rẹ̀, kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo pálọ̀ ló gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ dìde. Kì í ṣe ẹni tó ní kí n lọ nìyẹn. Ẹni tó ní kí n lọ jókòó nìyẹn."

 Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo ojú Ọ̀gá, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ọwọ́ ọkùnrin náà ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìró nu ọwọ́ náà. Ọ̀gá ní òun ní àlejò nílé, òun á máa lọ. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ibòmíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, irú òkúta kan náà ni mo sì ń lò. Òkúta ò parọ́ fún wa lọ́jọ́ yẹn. Irin wà nítòsí, ó ní irin wà nítòsí. Èèyàn ló sọ ọ́ di ọkàn ọmọ. Àwọn kan ní ó ti pẹ́, kí n gbàgbé, kí n dárí jì í. Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìríra tó mú mi lọ́jọ́ yẹn, n ò bẹ Ọlọ́run pé kó mú un kúrò lára mi, torí òun ló ń jẹ́ kí n lè béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo yàrá bá ń pàtẹ́wọ́.